Kí La Ó Fi Di Ọṣẹ Wa?

   

Ẹ̀yin ará Ìkirè àti Àpòmù, ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti ìpara ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe bí a ṣe ń sè é o. Èmi kọ́ ni màá kọ́ ìyá ọlọ́ṣẹ níṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí a ń dì í sí ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò: náílọ́ọ̀nù, ike, ìgò, páálí, ewé, igbá. Àwọn ọmọ wa tó ń po òrí mọ́ àdín àgbọn nínú yàrá, tí wọ́n ń tà á lórí WhatsApp, ti pọ̀ gan-an. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé ìbéèrè tí àwọn oníbàárà òun l'Ékòó àti ní London ń bi òun jù ni pé, "Ṣé kò sí èyí tí kò sí nínú ike?" Ká má tan ara wa jẹ, àwọn tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́jà Àpòmù kò tíì pọ̀. Èló ni wọ́n ń béèrè lọ́jà Àpòmù. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kan wà tó lè ṣe àwọn méjèèjì láǹfààní, ibi tí a ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kì í ṣe ara ike. Inú ọṣẹ fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká dé oko. Bí a bá la èso kòkó tí a kó hóró rẹ̀ jáde, èèpo ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù nílẹ̀. Bí a bá wọn odidi èso náà, èèpo nìkan á tó bíi 70 nínú 100. Inú oko ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń jẹrà sí. Ìyá ọlọ́ṣẹ ni kì í jẹ́ kó ṣòfò. Á sá a gbẹ, á sun ún, á sẹ́ eérú rẹ̀, á wá gbé omi eérú náà pẹ̀lú àdín kaná, á máa rò ó títí yóò fi dì. Ohun tó wà nínú eérú yẹn, tó ń sọ àdín di ọṣẹ, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní potassium. Ọṣẹ tí wọ́n fi irú rẹ̀ sè kì í le gan-an bíi ti ilé iṣẹ́ ńlá. Ó máa ń rọ̀, ó sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹ gbé ọṣẹ dúdú kalẹ̀ láìdé e nígbà òjò, kò ní pẹ́ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Kí wá ni àwọn ìyá wa fi ń di ohun tó ń làágùn? Ewé ni. Ewé eéran, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí ewé mọ́ímọ́í, abẹ́ ibòji igi kòkó ló ń hù sí ní agbègbè wa níbí, kò dẹ̀ béèrè ajílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú ewé náà ń dán, omi kì í lè dúró lórí rẹ̀. Ó gbòòrò, ó ṣeé ká, kì í tètè ya nígbà tó bá tútù. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Thaumatococcus daniellii, wọ́n fi sọrí dókítà ológun Gẹ̀ẹ́sì kan, W. F. Daniell, tó kọ̀wé nípa èso rẹ̀ lọ́dún 1855.   

Ewé nìkan kọ́ o. Inú igbá ni osùn ń gbé. Inú àdó ni wọ́n ń rọ òróró àti àgbo sí. Òrí tó ń ti Ṣakí àti Òkè-Ògùn sọ̀ kalẹ̀, inú igbá ló ń wà, wọ́n á fi ewé bò ó lójú. Ìkòkò amọ̀ tún wà. Ìpetumodù kò jìnnà sí wa, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ti fi ìkòkò mímọ ṣe iṣẹ́ láti ìran dé ìran. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde lọ́dún 1921, sọ̀rọ̀ Àpòmù gẹ́gẹ́ bí ọjà ńlá tí àwọn ará òkè ti ń pàdé àwọn Ìjẹ̀bú. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé òrí àti ọṣẹ kò ní wọ́n nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀. Kò sì sí náílọ́ọ̀nù kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ìgbà yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ dé ibí yìí, á ní àwọn baba wa gbọ́n jù wá lọ, ká padà sí ewé, ó parí. Kò parí o. Ẹ wo ohun tí ewé àti igbá yẹn ń gbà. Ìyẹ̀fun ni osùn. Ìyẹ̀fun ni tìróò. Ewé tí a lọ̀ kúná ni làálì. Òróró ni àdín, òrí náà ò yàtọ̀, kìkì pé ó dì. Omi kò sí nínú wọn. Ọṣẹ dúdú ní omi díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eérú inú rẹ̀ ta ju ohun tí kòkòrò àìfojúrí lè fara dà lọ. Níbi tí kò bá ti sí omi, nǹkan kì í tètè bu, kì í tètè rà. Ìdí nìyẹn tí ewé fi tó.

Ẹ wá gbé ìpara olómi tó wà lórí tábìlì yín, èyí tí ń ṣàn, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó bá pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú. "Water" tàbí "Aqua" lẹ máa rí níwájú. Omi lẹ rà. Omi tí wọ́n po òróró àti òórùn dídùn mọ́, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé la òkun kọjá. Nítorí omi yẹn ni wọ́n fi gbọ́dọ̀ fi kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́ sí i. Nítorí omi yẹn náà ni wọ́n fi gbọ́dọ̀ dé e pa, kí ọwọ́ má kàn án, kí afẹ́fẹ́ má wọ inú rẹ̀. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ pọ́n irú rẹ̀ sínú ewé, ẹ ó rí ohun tí ojú ń rí.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin tẹ ẹ ń ṣe ìpara nìyí: kẹ́ ẹ tó ra àpótí ike kan ṣoṣo, ẹ bi ara yín bóyá ohun tẹ ẹ ń ṣe nílò omi rárá. Bí kò bá nílò rẹ̀, ẹ yọ omi kúrò, ìdajì ìṣòro ti lọ. Òrí tẹ́ ẹ yọ́, tẹ́ ẹ po ìda oyin díẹ̀ mọ́ kó lè le, ìpara ni. Kò nílò ìgò onífífà, èyí tí à ń tẹ̀ lórí kí ìpara tó jáde, kò nílò kẹ́míkà kan láti má bu. Ilé iṣẹ́ Lush ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọṣẹ irun di ohun líle tí wọ́n ń tà láìdì í sínú nǹkan kan, àwọn èèyàn ń tò rà á. Ṣé kì í ṣe ohun tí ìyá ọlọ́ṣẹ ti ń gbé ka orí tábìlì láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn?

Mi ò bú náílọ́ọ̀nù láìmọ ibi tó ti wá. Lọ́dún 1933, ní ilé iṣẹ́ ICI ní ìlú Northwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì tí wọ́n ń wá nǹkan mìíràn bá ohun funfun kan nínú ohun èlò ìdánwò wọn, ó ń yọ̀ bí ìda. Òun ló di náílọ́ọ̀nù tí à ń lò lónìí. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú ìyá ọlọ́ṣẹ fọwọ́ sí i. Ó pọ́ọ́kú, ó fúyẹ́, kì í jẹ́ kí ọṣẹ làágùn, oníbàárà sì lè rí ohun tó fẹ́ rà. Ewé ẹ̀wẹ̀, tó bá gbẹ, á fọ́. Tó bá tutù jù, òun fúnra rẹ̀ á bu. Ẹni tó bá sọ pé ká padà sí ewé láìsọ èyí, ó jọ pé kò tíì ta ọṣẹ rí.

Ìyọnu náílọ́ọ̀nù kò sí nínú ọjà. Ẹ̀yìn ọjà ló wà. Lọ́dún 1950, ike tí gbogbo ayé ṣe kò ju bíi tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 2 lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 2019, ó ti di nǹkan bíi mílíọ̀nù 460 tọ́ọ̀nù lọ́dún kan ṣoṣo. Àjọ OECD ṣírò rẹ̀ pé nínú gbogbo ike tí wọ́n sọ nù, kò ju 9 nínú 100 lọ tí wọ́n tún lò. Ìyókù, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, wọ́n sun ún, tàbí kó ṣì wà níbi tí ẹni tó lò ó gbàgbé rẹ̀ sí. Tiwa ń bá òjò lọ sínú gọ́tà, láti gọ́tà sínú odò. Odò Ọ̀ṣun ń kọjá lọ sí Aṣéjìrè, ibi tí wọ́n ti ń fa omi lọ fún àwọn ará Ìbàdàn mu. Àwọn onímọ̀ tó yẹ omi Ọ̀ṣun wò ti bá ẹ̀rúnrún ike nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì sun ún lẹ́yìnkùlé. Èéfín ike kì í ṣe èéfín igi.

Ike ìpara tún wà lára èyí tó ṣòro jù láti tún lò. Ẹ tú fífà ìgò ìpara kan wò: ike oríṣi mẹ́ta lè wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú sípíríǹgì irin. Ọ̀pọ̀ tíúbù tí à ń fún, ike àti irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré tí ìpara ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ń wà nínú rẹ̀, bákan náà. Ó ṣòro gan-an láti ya ohun tí wọ́n lẹ̀ báyẹn, torí náà agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi máa rà á. Bí ó bá di dandan kẹ́ ẹ lo ike, ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ ó rí àmì onígun mẹ́ta pẹ̀lú nọ́ńbà nínú. Ọdún 1988 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àmì náà ní Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà 1, 2 àti 5 ni àwọn tó ń ra ike àlòkù máa ń fẹ́. Ẹ lo irú kan ṣoṣo, ìgò àti ìdérí, ẹ má kùn ún láwọ̀ dúdú, ẹ má fi fífà sí i bí ìdérí lásán bá tó. L'Ékòó, ilé iṣẹ́ Wecyclers tí Bilikiss Adébíyìí-Abíọ́lá dá sílẹ̀ lọ́dún 2012 ti ń gba irú ike bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, tí wọ́n sì ń fún wọn ní nǹkan padà. Ohun tó ń jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé ike náà ní olùrà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tó máa wá tà yín ní náílọ́ọ̀nù "aláwọ̀ ewé", tí wọ́n á ní á jẹrà fúnra rẹ̀. Ẹ bi wọ́n: á jẹrà níbo? Oríṣi kan wà tó kàn máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀rúnrún rẹ̀ kò kúrò nílé ayé, ojú wa nìkan ni kò rí i mọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fòfin dè é látinú òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019. Oríṣi kejì, tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, ń jẹrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ilé iṣẹ́ tí ooru rẹ̀ tó 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí lẹ́yìn ọjà Ìkirè. Ẹni tó bá san owó gọbọi lé irú náílọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ lórí, ọ̀rọ̀ ẹnu ló rà.

Ó dáa, kí wá ni ká ṣe sí ọṣẹ dúdú? Ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó dì í. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyẹn: ọṣẹ tó ti orí iná sọ̀ láìpẹ́ ni wọ́n ń dì. Ẹ gé e, ẹ tò ó sórí àtẹ, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí òjò kò dé, títí ojú rẹ̀ á fi le. Bí ó bá ti gbẹ, bébà tí wọ́n fi ìda ra lójú á gbà á, páálí á sì gba bébà náà. Dudu-Osun tí ilé iṣẹ́ Tropical Naturals ń ṣe wà nínú páálí, ó sì ti gba inú páálí dé òkè òkun. Fún ọjà ìtòsí, ẹ lo ewé: èyí tí ẹ máa tà lónìí sí ọ̀la, ewé tí ẹ já lónìí ni kẹ́ ẹ fi dì í, ẹ fi òwú tàbí okùn ọparun so ó. Ẹ má lo ìwé ìròyìn. Ẹ má sì lo ìwé ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé, tí à ń fi di àkàrà yẹn. Tàdáwà á lẹ̀ mọ́ ọṣẹ, ara ẹni tó fi wẹ̀ ni á lọ.

Bébà gan-an ní ìdààmú tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ bébà Jẹ́bà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1969, ìjọba àpapọ̀ tún fẹ́ kí Ìwòpin ní ìpínlẹ̀ Ògùn máa ṣe é. Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wọlẹ̀ sí, gbogbo wa là ń fojú rí i. Dọ́là ni à ń fi ra bébà wọlé báyìí, torí náà bí dọ́là bá gbéra, páálí ọṣẹ á bá a gbéra. Ìdí kan nìyí tí mo fi ń fọwọ́ sí ewé fún ọjà ìtòsí: ewé kò mọ ohun tó ń jẹ́ dọ́là.

Agolo ńkọ́? Agolo pẹlẹbẹ bíi ti kíwì bàtà dára gan-an fún ìpara òrí àti ìda. Ó ṣeé ṣí, ó ṣeé dé, bó bá tán, oníbàárà á kó ìlẹ̀kẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́ sí i, bó bá sì sọ ọ́ nù, àwọn tó ń ra irin àlòkù á gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ má di ọṣẹ dúdú sínú agolo alumíníọ̀mù. Eérú inú ọṣẹ á jẹ ẹ́. Igbá náà, mo fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá èyí tí àwọn ará Ọ̀yọ́ fín, àmọ́ ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni mo ka ìyẹn sí. Ó ń mu òróró, ó wọ́n, kò sì ṣeé tò sínú páálí. Ẹni tó bá fẹ́ fi igbá kó ọjà ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́ sí London á sanwó afẹ́fẹ́ inú igbá.

Nígbà tí a ti dárúkọ London: láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2022, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba owó orí lórí ike tí ike àlòkù inú rẹ̀ kò tó 30 nínú 100. Pọ́n-ùn 200 lórí tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ike rẹ̀ kò tó tọ́ọ̀nù 10 lọ́dún kò ní san án, torí náà ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ilé ìtajà tó ń rà lọ́wọ́ yín lè máa san tirẹ̀, yóò sì bi yín léèrè. Àwọn Yúróòpù náà ní òfin tuntun lórí gbogbo ohun tí a fi ń di ọjà, tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2026. Nílé níbí, Èkó ti fòfin de páálí fóòmù oúnjẹ láti oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n sì fi àwọn ike àlòjùnù mìíràn kún un ní oṣù keje ọdún 2025. Ẹni tó bá ń gbé ọjà lọ sí Èkó láti Àpòmù kò lè ní òun ò gbọ́.

Ó ku ìpara olómi, nítorí mo mọ̀ pé a ò ní fi í sílẹ̀. Àwọn kan á máa ra á, àwọn kan á sì máa ṣe é. Ìgò ni ìdáhùn mi, ìgò dúdú bíi ti oògùn, torí ìmọ́lẹ̀ a máa ba òróró jẹ́. Ìgò ṣeé yọ́ ṣe ìgò lẹ́ẹ̀kan sí i láìlópin, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń ṣe é nílẹ̀ wa, ní Agbára ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ní Ughelli. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó wúwo, ó ń fọ́. Bí a bá lò ó lẹ́ẹ̀kan tí a sọ ọ́ nù, kò sàn tó bí a ṣe rò. Ìgbà tó bá ń padà wálé ló ń jèrè.

Kò sì yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa. Ẹ̀yin tẹ ẹ ti dàgbà díẹ̀, ẹ rántí mínírà. Ẹni tí kò bá mú ìgò òfìfo lọ, á fowó ìgò sílẹ̀ kó tó gbé mínírà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n, kò sí ìgò mínírà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà náà, torí owó ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ike dé, a sì gbàgbé. Ẹni tó ń ṣe ìpara ní Ìkirè, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní ìgboro àti lọ́gbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà nílùú wa, lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀la. Kó fi owó ìgò lé owó ìpara, kó sì dá a padà fún ẹni tó bá gbé ìgò wá. Kó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ìgò náà, kó sè é, kó dojú rẹ̀ délẹ̀ gbẹ pátápátá, torí ẹ̀kán omi kan tó kù nínú ìgò lè ba odindi ìpara jẹ́. Ìdérí ni kó pààrọ̀.

Ẹnìkan bi mí pé kí ni NAFDAC á sọ sí gbogbo èyí. Ohun tí àjọ náà fẹ́ rí lára ohun ìṣaralóge kò yí padà nítorí ewé: orúkọ ọjà, nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀, àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é. Ewé kò ṣeé tẹ̀wé sí. Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sí i, ẹ fi yí ewé náà ká bí ọ̀já, ẹ fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ lẹ̀ ẹ́. Lára ìgò, bébà ni kẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, kó lè bó nínú omi gbígbóná nígbà tó bá padà wá. Ẹ fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá kedere: iye owó ìgò, àti ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà lè dá a padà sí.